Pátákó Aṣọ Wòlímọ̀ Aishah

Sátidé, 18 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Aishah ọmọ ọmọ mi ti parí Kùránì. Áfáà rẹ̀ ló pe Hafeez ọmọ mi lánàá pé ọmọ náà ka èyí tó kù tán láìkọsẹ̀, pé kí á máa múra wòlímọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún Sátidé tó kẹ́yìn nínú oṣù Igbe, lẹ́yìn ààwẹ̀. Gbogbo ìwé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú ìlú tí òtútù kì í jẹ́ kí èèyàn la ẹnu. Mo kúnlẹ̀ ní kíṣìnì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìrẹsì jóná díẹ̀.

Hafeez ní òun máa ra aṣọ tí yóò wọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Ìwọ, ta ló rán èyí tí o wọ̀ nígbà wòlímọ̀ tìrẹ ní Òkè Àrẹ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Ṣé ó já lọ́jọ́ náà?"

"Kò já o."

"Ọ̀rọ̀ parí."

Bí ó ṣe di pé èmi ni mo máa rán an nìyẹn. Télọ̀ ni mí ní Òkè Àrẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kó wá sọ́dọ̀ wọn ní Downsview nílẹ̀ òyìnbó yìí, ẹsẹ̀ ṣòkòtò àti kọ́tìnì nìkan ni ẹ̀rọ mi ń rán. Ìdí nìyí tí mo fi ra ìwé yìí, kí n lè máa kọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ sínú rẹ̀. Tèmidire, tíṣà tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìwé ní láíbúrárì, sọ pé ohun tí a bá ń kọ léraléra ló máa tún ọwọ́ wa ṣe.

Nírọ̀lẹ́, Aishah gbé tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá jókòó tì mí. "Màmá Àgbà, ẹ wo eléyìí. Pinterest ni wọ́n ń pè é."

Mo wò ó títí. Ó dà bí ògiri ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí wọ́n lẹ àwòrán sítáì mọ́, àfi pé ògiri yìí kò lópin. Bí o bá ṣe ń fi ìka tì í sókè ni òmíràn ń jáde. Èyí tó bá wù ọ́, o fọwọ́ kàn án, ó ti lọ lẹ̀ mọ́ pátákó tìrẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Nígbà tèmi, bí oníbàárà bá ya àwòrán kan lára kàlẹ́ńdà mi, ìjà dé nìyẹn.

Ó ṣí pátákó kan, ó pè é ní Aṣọ Wòlímọ̀ Mi, ó sì fi orúkọ mi síbẹ̀ kí èmi náà lè máa lẹ nǹkan mọ́ ọn. Òun ló kọ́kọ́ lẹ ọ̀kan: kaba funfun kan báyìí, tí kò ní iṣẹ́ ọnà kankan lára, tó kàn ní àpò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lójú mi, ó dà bí aṣọ ìsùn. Mi ò sọ. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Àtìní, 20

Mo lẹ àwòrán tèmi lónìí láìsí ẹni tó mú mi lọ́wọ́. Aṣọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ funfun sí etí ọwọ́ rẹ̀ bí eyín ọmọ kékeré. Mo fọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án, wọ́n kó irú rẹ̀ wá síwájú mi rẹpẹtẹ, bí ẹni pé ọmọ iṣẹ́ kan jókòó sínú gíláàsì náà tó ń gbọ́ ohun tí mò ń rò. Ẹni tó ro irú èyí jáde, ìrọbí ìyá rẹ̀ kò já sí asán.

Àlàmísì, 23

Aishah ti lẹ ọrùn aṣọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ìlẹ̀kẹ̀ ló yí i ká. Ọmọ mi fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, oníbàárà kì í fi ìka kan àwòrán ara ògiri ṣeré. Èyí tó bá fọwọ́ kàn ni a ó gé. Lójú ẹsẹ̀ ni mo lẹ onílẹ̀kẹ̀ mìíràn mọ́ ọn, kí ó lè mọ̀ pé mo gbọ́.

Ní kíláàsì, Tèmidire ní kí n ka ìpínrọ̀ kan sókè. Bí mo bá dá wà, mo lè kà á. Bí ojú bá ti pọ̀, ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ á sì fọ́n ká bí ẹ̀wà tó bọ́ nínú àwo. Orí ìlà kejì ni mo há sí.

Tèmidire ní, "Ẹ má kánjú, Àlàájà."

Mo ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

Ìyá Ládépọ̀ tó jókòó lẹ́yìn mi, ará Ọ̀yọ́ tí kò mọ̀ ọ́n dákẹ́, ní, "Kàfáyàtù, akólòlò tìrẹ yìí ti ń pe baba láti ọdún tó kọjá. Baba ò dáhùn. Ó jọ pé ó ti sùn."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò parí ìpínrọ̀ náà.

Jímọ̀, 31

Mo ṣèèṣì fọwọ́ kan àwòrán kéèkì. Láti ìgbà náà, kéèkì ni wọ́n ń gbé wá fún mi. Ó dà bí ìgbà tí o bá kí aládùúgbò kan lẹ́ẹ̀kan péré, tó wá sọ ara rẹ̀ di ẹbí.

Àlàmísì, 13 oṣù Èrèlé

Yìnyín bo ọkọ̀ Hafeez mọ́lẹ̀ débi pé etí rẹ̀ nìkan là ń rí. Kò sí kíláàsì, kò sí ilé ìwé. Hafeez ń fi ṣọ́bìrì kó o láti àárọ̀, ó ń kùn. Nàfísàt ìyàwó rẹ̀ kò tíì dé láti ibi iṣẹ́, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó ní bọ́ọ̀sì ò rìn.

Èyí fún èmi àti Aishah láyè. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń pín pátákó sí yàrá yàrá. Yàrá kan fún ọwọ́ aṣọ, ọ̀kan fún ọrùn, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ìborùn. O kàn máa fa àwòrán lọ sí yàrá tirẹ̀ ni. Ní Òkè Àrẹ̀, inú garawa kan ṣoṣo ni gbogbo àwòrán mi máa ń wà, bí mo bá ń wá ẹyọ kan, màá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, ká ní mo ní èyí nígbà náà, màá ti kọ́lé méjì."

Ó fi òyìnbó dá mi lóhùn pé ẹ̀rín ń pa òun. Òyìnbó ni ó sábà máa fi ń dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n lórí pátákó, mi ò ní láti dúró de ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Bí mo bá lẹ ọwọ́ gbígbòòrò, òun náà á lẹ ọwọ́ gbígbòòrò. Bí mo bá lẹ ìdí tó ń wọ́ nílẹ̀, òun náà á wá èyí tó gùn jù ú lọ. Mi ò mọ̀ pé ohun tí ó wù mí ló wu ọmọ yìí tó báyìí. Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́.

Sátidé, 22

Èmi àti Nàfísàt lọ ra aṣọ. Funfun tó ń ṣàn bí omi. Dọ́là méjìdínlógún ni yáàdì kan. Mo ní kí ọkùnrin tó ń tà á gba méjìlá. Ó ní iye tí wọ́n kọ sí i náà ni. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo ń retí kó pè mí padà. Kò pè mí. Wọn ò mọ ọjà ná ní ìlú yìí rárá. Èmi fúnra mi ni mo padà, mo san án.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìlẹ̀kẹ̀, Nàfísàt ní, "Màmá, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ yìí ò pọ̀ jù?"

"Ọmọ rẹ ló fẹ́ ẹ. Wo pátákó."

Ó wo inú fóònù mi títí. "Aishah yìí náà? Ẹni tí kì í fi yẹtí sétí?"

"Ọmọ ń dàgbà lójú rẹ, o ò mọ̀."

Ó bá mi kó ìlẹ̀kẹ̀ náà. Láti ibi iṣẹ́ alẹ́ ló ti bá mi lọ, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Sátidé, 1 oṣù Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lẹ́yìn àdúrà àárọ̀ mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní pálọ̀, mo ṣe bísímílà, mo gé e. Ọwọ́ mi kò gbàgbé. Sísọ́ọ̀sì ń lọ geere bí ọkọ̀ ojú omi.

Àtàlátà, 11

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń tò. Òùngbẹ ń gbẹ mí, ojú mi ń ṣú. Ọ̀kan bọ́ sábẹ́ fíríìjì, mo sì dọ̀bálẹ̀ wá a. Mo ti parí ọwọ́ ọ̀tún. Ó fẹ̀ bí ìyẹ́ àdàbà, bí o bá gbé e sókè sí ojú fèrèsé, gbogbo rẹ̀ á máa tàn. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó láàárín ti àwọn àgbà òṣìṣẹ́ ayé. Mi ò rí ohun tí tiwọn fi ju tèmi lọ.

Àìkú, 16

Aishah wọ aṣọ náà wò. Kò tíì ní ìdí, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ọrùn ti wà. Mo dúró lókèèrè, mo wò ó. Ọba obìnrin.

"Ó dára, Màmá Àgbà. Ẹ ṣeun."

Mo ní kó rìn. Ó rìn. Mo ní kó gbé Kùránì síwájú kó kà díẹ̀ bí yóò ṣe kà á lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ aṣọ bo ojú ìwé. Ó ká a sókè, ó tún ṣubú bò ó. Ó wá fi ọwọ́ òsì di ti ọ̀tún mú, ó ń kà á bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹni tó wà nínú kànga. Nígbà ìṣínu, ọwọ́ aṣọ náà gbá ife omi bàbá rẹ̀ dànù.

Hafeez ní, "Ìyẹ́ tí a kò tíì fi fò ti ń da omi nù."

Aishah tọrọ gáfárà, ó lọ bọ́ ọ. Ó ká a dáadáa, ó kúnlẹ̀ gbé e fún mi. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́.

Àlàmísì, 20

Iṣẹ́ tí Tèmidire fún wa ṣe nílé: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá àwòrán, kó kọ gbólóhùn kan sí abẹ́ rẹ̀. Mo ní mo ní pátákó tó kún fọ́fọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Àlàájà, ẹ̀yin lẹ ṣáájú wa." Ìyá Ládépọ̀ ní òun náà fẹ́ pátákó, pé ṣé wọ́n ń lẹ ọkọ tuntun mọ́ ọn.

Mo sọ fún Aishah pé kí òun náà kọ tirẹ̀ sábẹ́ tèmi, kó sì kọ ọ́ ní Yorùbá. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Okay, Màmá Àgbà."

Àìkú, 23

Mo kọ ọ́. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Aishah fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀ yìí. Aishah fẹ́ràn ọwọ́ gbígbòòrò yìí. Aishah fẹ́ràn ìdí gígùn yìí. Mo fi àmì sórí gbogbo rẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ara mi, mi ò há. Mo yangàn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àtàlátà, 25

Aishah ti kọ tirẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé. Mo wọ dígí mi, mo jókòó tì í. Yorùbá rẹ̀ kò ní àmì kankan lórí, ṣùgbọ́n mo kà á, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Sábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀, ó kọ: Màmá Àgbà fẹ́ràn èyí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ó ń ṣàwàdà. Mo lọ sí ọwọ́ gbígbòòrò. Màmá Àgbà fẹ́ràn èyí. Ìdí gígùn. Màmá Àgbà fẹ́ràn èyí gan-an. Mo wọ yàrá ọrùn, mo wọ yàrá ìborùn. Gbólóhùn kan náà ni, yàrá dé yàrá, sábẹ́ gbólóhùn tèmi tó ń sọ pé Aishah ló fẹ́ràn rẹ̀.

Mo nu dígí mi. Aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni mò ń rán.

Mo ń ti pátákó náà sókè, sókè, títí mo fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí kaba funfun tó lẹ̀ lọ́jọ́ kìíní wà. Èmi kò kọ nǹkan kan sábẹ́ ìyẹn, mo ti gbàgbé rẹ̀. Òun kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Ó ní àpò.

Àlàárùbá, 26

Lẹ́yìn ìṣínu mo pè é. Nàfísàt wà níbẹ̀, Hafeez náà wà níbẹ̀. Mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sí àárín wa.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀?"

Ó wo ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin, Màmá Àgbà."

"Èmi kọ́. Ìwọ ni mo rò pé o fẹ́ ẹ. O lẹ ọrùn onílẹ̀kẹ̀."

"Torí pé ẹ ti kọ́kọ́ lẹ ọwọ́ onílẹ̀kẹ̀. Mi ò fẹ́ kó dà bí pé mi ò rí i."

"Kí ló dé tí o ò yọ ọ́ kúrò?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní ìbéèrè wèrè. "Màmá Àgbà, báwo ni mo ṣe máa yọ ohun tí ẹ fi síbẹ̀? Dádì ní a kì í gbé ohun tí àgbà bá gbé kalẹ̀."

Hafeez bo ojú rẹ̀. Èjìká rẹ̀ ń mì. Nàfísàt ní, "Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bàbá Aishah," òun náà sì bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ kò gbọdọ̀ sọ fún àgbà pé òun kò fẹ́. Àgbà kò gbọdọ̀ fi ohun tó wu ọmọ dù ú. A ti ń kí ara wa lórí pátákó yìí láti oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìkúnlẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, títí aṣọ fi di ẹrù.

Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi àpò ṣe. Ó ń fi èékánná họ tábìlì. Nígbà tó sọ ọ́, Yorùbá ló fi sọ ọ́.

"Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n tí mo bá ń kà lójú àwọn èèyàn. Tó bá ti gbọ̀n, ohùn mi náà á gbọ̀n. Tí mo bá fi ọwọ́ kan sínú àpò, kò ní hàn."

Ọlọ́run mi. Ọmọ tó ka gbogbo ìwé láìkọsẹ̀. Mo ní, "Ìwọ náà?" Mo sọ bí ìwé ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ tèmi ní láíbúrárì, mo sọ ohun tí Ìyá Ládépọ̀ sọ nípa baba tó sùn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ní màá tú aṣọ náà. Nàfísàt ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ti ṣe wàhálà jù, ojú yín ń dùn yín." Aishah ní òun á wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé kò burú. Mo wò wọ́n. Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ ìkúnlẹ̀ wọn.

Mo ní, "Ọjọ́ kan ni wòlímọ̀ yìí. Bí ohùn ọmọ mi bá há lọ́jọ́ náà nítorí ìlẹ̀kẹ̀ tèmi, kí ni mo rán?"

Àìkú, 30

Ìtúnu ààwẹ̀. Òjò dídì ń rọ̀, a ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ lọ sí mọ́sálásí. Ẹran wọ́n bí ojú. A jẹ ẹ́ náà.

Jímọ̀, 4 oṣù Igbe

Ìyá Ládépọ̀ wá bá mi tú ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní, "Kàfáyàtù, o ti to ìlẹ̀kẹ̀ yìí bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé."

"Ìwọ ṣáà tú u."

"Mò ń tú u. Mo kàn ní ká máa sọ òótọ́ ni."

Orí pátákó, ìka kan péré ni a fi ń yọ nǹkan kúrò. Lára aṣọ, okùn kan lẹ́ẹ̀kan ni. Ìgbà tí a tú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tó ṣàn dé àyà rẹ̀ tán ni mo rí i pé ojú abẹ́rẹ́ hàn níbi gbogbo, bí ojú tí ilẹ̀ gbóná bá jà. Mo fi omi wọ́n ọn, mo lọ̀ ọ́, kò pa dé. Owó irú aṣọ yẹn kò sí nílẹ̀ mọ́, ọkùnrin ọlọ́jà yẹn kì í sì í dín nǹkan. Ìyá Ládépọ̀ dákẹ́. Nígbà tí Ìyá Ládépọ̀ bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn.

Sátidé, 5

Mo jí pẹ̀lú ìdáhùn lẹ́nu. Ọwọ́ aṣọ. Ọwọ́ gbígbòòrò tó da omi nù yẹn, aṣọ inú rẹ̀ tó láti gé àyà tuntun, apá tí abẹ́rẹ́ kò kàn. Èyí tó bá kù, kí ó di àpò. Ohun tó pọ̀ jù ló gba ohun tó bàjẹ́ là. Mo gé e kí n tó jẹun.

Àtàlátà, 8

Èmi àti Aishah tún pátákó ṣe. Òfin ni mo ṣe fún un: bí mo bá fi àwòrán kan hàn án, kó sọ pé mo fẹ́ tàbí mi ò fẹ́, kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kó sì sọ ọ́ sókè.

Èyí àkọ́kọ́, ó ní "Mi ò fẹ́" bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú irọ̀rí. Mo ní mi ò gbọ́. Ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Mo yọ ọ́. Èyí kejì, mi ò fẹ́. Mo yọ ọ́. Nígbà tó kan fọ́tò ọwọ́ aṣọ tí èmi fúnra mi rán, ó wò mí.

"Sọ ọ́."

"Mi ò fẹ́, Màmá Àgbà. Ṣùgbọ́n ó rẹwà."

Mo yọ ọ́. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Nígbà tí a dé yàrá ìborùn, ó ti ń pariwo mi ò fẹ́, mi ò fẹ́, ó ń lu tímùtímù. Hafeez yọjú láti yàrá, ó ní, "Ta ni wọ́n fẹ́ fi fọ́kọ níbí?"

Àwòrán kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, kaba alápò yẹn. Mo ń wò ó nísinsìnyí. Ó ṣe pẹrẹsẹ, ó mọ́. Ọmọ yìí ti ní ojú láti ọjọ́ kìíní, èmi ni mi ò wò ó. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lóòótọ́ ni. Gbogbo àkísà orí pátákó yẹn, tèmi ni.

Àlàárùbá, 16

Àpò ti wọlé. Mo rán an jìn kí gbogbo ọwọ́ lè wọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ní ìsàlẹ̀ ti ọ̀tún, níbi tí ojú kò dé, mo rán ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo mọ́ ọn.

Sátidé, 19

Ó wọ̀ ọ́. Kò sọ pé ó dára, kò sọ pé ẹ ṣeun. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó sì ń rìn káàkiri ilé bí ọ̀gá iṣẹ́. Ó dé kíṣìnì, ó padà. Ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó, mo ń wò ó. Mi ò béèrè nǹkan kan.

Sátidé, 26

Wòlímọ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́.

Oòrùn ràn, èyí tí ìlú yìí kì í sábà fún èèyàn ní oṣù Igbe. Àwọn ẹbí Nàfísàt láti Brooklin dé gbọ̀ngàn mọ́sálásí ṣáájú àwa tí a ni ìnáwó. Obìnrin kan nínú wọn wo Aishah látòkè dé ìsàlẹ̀, ó bi mí pé ṣé aṣọ náà kò tíì parí ni. Mo ní, "Ó ti parí. Ojú yín ni kò tíì débẹ̀." Nàfísàt fa ìborùn mi.

Wọ́n gbé Kùránì sórí àga rẹ̀ níwájú. Áfáà pè é. Ó dìde, ó rìn lọ, aṣọ náà tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, kò wọ́ nílẹ̀, kò mú un lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì sórí ìwé. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò.

Ohùn tó kọ́kọ́ jáde kéré. Mo rí ọwọ́ inú àpò tó ń mì lábẹ́ aṣọ, bí adìyẹ inú apẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó lè rí i, àfi ẹni tó rán an. Mo di ọwọ́ Hafeez mú. Lẹ́yìn náà, mi ò mọ orí ìlà wo ni, aṣọ náà dúró jẹ́ẹ́. Ohùn rẹ̀ sì là, ó gòkè, ó kún gbọ̀ngàn náà dé òrùlé. Nígbà tó tó àkókò láti ṣí ojú ewé, ó yọ ọwọ́ ọ̀tún jáde, ó ṣí i. Kò dá a padà sínú àpò mọ́.

Àwọn ọkùnrin ń sọ Allāhu Akbar. Hafeez ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló ń fẹ́ sí òun. Ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́.

Nínú ọkọ̀, Aishah fi orí lé mi léjìká.

"Màmá Àgbà, ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣẹ́ kù nínú àpò."

"Ó jọ pé mo gbàgbé rẹ̀ ni."

"Ẹ ò gbàgbé rẹ̀."

"Ṣé kí n yọ ọ́?"

Ó ronú sí i dáadáa, bí ẹni tó mọ̀ pé òun lè sọ èyí tó bá wù ú.

"Mi ò fẹ́," ó ní. "Ẹ fi sílẹ̀."

Àìkú, 27

Aishah ti lẹ fọ́tò àná mọ́ pátákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kaba ọjọ́ kìíní. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Sábẹ́ fọ́tò náà, ó kọ ọ́, ó sì fi àmì sórí rẹ̀: Mo fẹ́ràn èyí.

Mo kọ sábẹ́ rẹ̀: Èmi náà.

Àlàmísì, 1 oṣù Èbìbí

Nínú èérún aṣọ tó kù, mo rán àpò kan sí ẹ̀gbẹ́ bùbá mi. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí kíláàsì.

Tèmidire ní kí n ka ìpínrọ̀ tí mo kọ nípa pátákó náà. Mo dìde. Mo fi ọwọ́ kan mú ìwé, mo ti èkejì bọ àpò. Ọwọ́ inú àpò gbọ̀n ní ìlà kìíní, ó gbọ̀n ní ìkejì. Mo jẹ́ kó máa gbọ̀n níbẹ̀, mo ń kà lọ. Ìgbà tí mo gbé ojú sókè, mo ti dé òpin.

Ìyá Ládépọ̀ fi ìka kan sétí bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́nà jíjìn.

"Kàfáyàtù," ó ní, "baba ti dáhùn o."